Ẹní Egbére Lẹ́yìnkùlé Ìyá Onípákó

Bí Àlàájà Mùnírátù bá wọ ilé ẹnikẹ́ni, òkè ló kọ́kọ́ máa ń wò. Kó tó kí onílé, kó tó wá àga jókòó sí, ojú rẹ̀ á ti lọ sí àjà, á sì wí pé, "Arère nìyí," tàbí, "Afàrà ni wọ́n fi ṣe tiyín, ẹ káre." Àlejò tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ọmọńlé ló ń wá lára ògiri. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó ń wọ̀ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ta pákó òrùlé wọn, kò sì sí pákó tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tí kò ní dá mọ̀. Mo ti bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí rí, nítorí ẹni tó bá dá ara rẹ̀ lójú jù máa ń bí mi nínú. Òun ló jàre. Inú tún bí mi sí ìyẹn náà.

Èmi ni Yéwándé, aránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù mi dojú kọ géètì rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó ń lọ nílé yẹn tí ń kò rí, ẹnu mi kì í sì í sinmi bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ò ṣe ń sinmi. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ kúrò nínú rẹ̀.

Òkèrèwè, láàárín ìlú níbí, ni wọ́n bí Mùnírátù sí, agboolé wọn ṣì wà níbẹ̀ di òní. Awakọ̀ gẹdú ló fẹ́. Ọkọ̀ tó ń fi kó ìtì igi láti inú igbó wá sí ìlú náà ló pa á, ó fi ìyàwó sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti òkìtì pákó kan tí oníbàárà sanwó àsansílẹ̀ fún, tí kò sì padà wá kó mọ́. Nígbà tí ó dúró títí tí kò rí ẹni náà, ó ru pákó ọ̀hún lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níwájú ilé ìlagi, ó sì jókòó tì í. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó lọ ta gààrí. Ó dá wọn lóhùn pé gààrí kì í ṣe òrùlé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí rẹ̀ ló fi ń ru pákó láti ibi ẹ̀rọ ìlagi dé ìdí òkìtì rẹ̀, ọdún gorí ọdún, títí irun àtàrí rẹ̀ fi kọ̀ láti hù mọ́. Gèlè ló ń fi bo ibẹ̀. Ó kọ́ bí a ṣe ń fi ìka kan pákó láti mọ̀ bí inú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ó kọ́ bí a ṣe ń gbóòórùn rẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá ó ti gbẹ. Nígbà tó yá, àwọn tó fi í rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í rán oníbàárà sí i. Òfin kan ṣoṣo ló ní nínú òwò rẹ̀: kì í gé igi tí kò bá tíì ní olówó. Bí igi bá rẹwà bí ọjọ́ Ọdún Iléyá, bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì wí pé "èmi ni mo fẹ́ lò ó", Mùnírátù kò ní jẹ́ kí ayùn kàn án. Ó ní igi tó wà lórí ìdúró kì í jẹrà, pákó ló ń jẹrà.

Iṣẹ́ yìí ló fi kọ́ ilé oníyàrá mẹ́jọ tó wà níwájú mi yìí, lẹ́yìn ìlú, níbi tí àwọn ọmọ Yunifásítì ń gbé. Iṣẹ́ yìí náà ló fi rán àwọn ọmọ níwèé, tó sì fi lọ sí Mẹ́kà. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó bá yín jà, ẹ sọ pé oríire ni.

Igi kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, igi ayùnré ńlá kan tó ti wà níbẹ̀ kí ilé tó dé. Nígbà tí a kọ́kọ́ kó wá sí àdúgbò yìí, igbó ló wà láti ìdí igi náà lọ títí dé ibi odò. Ilé ti gba gbogbo rẹ̀ báyìí. Èyí tó kù díẹ̀ ni wọ́n gé ní èṣín, lẹ́yìn èyí ni ẹkún bẹ̀rẹ̀.

Àṣálẹ́ ni a máa ń gbọ́ ọ, ní kété tí wọ́n bá ti kí ìrun Màgáríbì tán. Ẹkún bí ti ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé sílẹ̀ tí kò sì padà wá. Yóò bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, yóò máa ga sí i, yóò wá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó ń retí nǹkan. Lẹ́yìn náà, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Orí igi ayùnré yẹn ló ti ń wá.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a ní láti sọ fún pé egbére ni. Egbére kúkúrú, egbére abẹní lábíyá, tó ń fi ojoojúmọ́ sunkún. Wọ́n ní ẹni tó bá lè já ẹní yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ti dolówó nìyẹn, ṣùgbọ́n egbére yóò tẹ̀ lé e délé, yóò máa sunkún lẹ́yìnkùlé rẹ̀ títí yóò fi sú u, tí yóò fi dá ẹní náà padà. Ẹni tí kò bá sú, tirẹ̀ ti dára. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ìyá wa, kò sì sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ta ló rí i.

Àjíṣafẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi, ọkùnrin tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ló máa ń pa á lára. Ó ń gẹrun lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ní, "Opó tí ọkọ rẹ̀ ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún, tó wá di onílé, tó di Àlàájà. Ẹ̀yin náà ẹ ò ronú? Ẹ sì ń gbọ́ ẹni tó ń sunkún ẹní rẹ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ lálaalẹ́!"

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ ìlú nìyẹn. Ohun tó tún wá bà á jẹ́ ni pé Àlàájà ní ẹní kan lóòótọ́. Ẹní ìkírun kékeré ni, tó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, tó máa ń ká mọ́ abẹ́ apá lọ sí mọ́sáláásí ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti ń gbé e kọjá níwájú wa tí ẹnikẹ́ni kò sì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójijì, ojú gbogbo ayé wà lára ẹní. Mo gbọ́ obìnrin kan tó sọ fún èkejì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi pé, "Ẹ ò rí bó ṣe dì í mú? Kò lè fi sílẹ̀ nílé ni." Mo ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo bú u. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ síbí.

Àwọn ọmọ Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í kó jáde. Àwọn kan tilẹ̀ fi owó ilé tí kò tíì parí sílẹ̀, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sórí kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di ibi tí egbére ò sí. Mo rò pé yàrá tó ń ṣófo ló ń dun Àlàájà. Kì í ṣe ìyẹn. Ọjọ́ kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń wo ilé rẹ̀ láti òdìkejì, ó ní, "Yéwándé, bí wọ́n bá pè mí ní àjẹ́, n óò fara dà á. Wọ́n máa ń pe obìnrin tó bá lówó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní mi ò ṣiṣẹ́! Kí wọ́n ní ẹní ló kọ́ ilé yẹn!" Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ẹ gé igi náà, Àlàájà. Ẹ̀yin lẹ ní ayùn."

Ó ní, "Bí mo bá gé e, wọ́n á ní mo ń pa ẹ̀rí rẹ́. Bí mo bá fi sílẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rí nìyẹn. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Ọmọbìnrin kan ṣẹ́ kù nínú àwọn ayálégbé rẹ̀ tí kò ronú àtikó lọ. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ló ń kọ́ ní Yunifásítì. Ó wá gba síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó bá wa lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gbá a létí. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Bush baby ni, ẹranko kan báyìí. Mo rò pé gbogbo yín ti mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, n óò fi hàn yín."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun, àwa mẹ́ta lọ dúró lẹ́yìnkùlé. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ti fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ní kí iná má baà gún ẹranko náà lójú. Nígbà tí ẹkún bẹ̀rẹ̀, mo di Àlàájà mú lọ́wọ́. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ gbé iná sókè díẹ̀díẹ̀, ni ojú méjì bá tàn lórí ẹ̀ka bí ẹyin iná.

Ẹranko kékeré kan ni. Kò tóbi ju ìkúùkù mi lọ, bí a bá yọ ìrù rẹ̀ tó gùn ju ara rẹ̀ lọ kúrò. Ojú rẹ̀ ló gba gbogbo orí rẹ̀, etí rẹ̀ ń ká, ó ń tú. Ó rọ̀ mọ́ ara igi, ó ń lá oje tó ti sun jáde tó sì dì sára èèpo. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí ọwọ́ ènìyàn, pẹ̀lú ìka tín-ín-rín. Lẹ́yìn náà ó fi omi kan ra àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ra àtẹ́lẹsẹ̀, ó fò lọ sórí ẹ̀ka mìíràn.

Àlàájà ní, "Ẹ wò ó! Àlùwàlá ló ń ṣe!"

"Ìtọ̀ ni, mà," ni Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí. "Ó ń fi rẹ ọwọ́ kó má baà yọ̀ lára igi."

"Sùbúhánàlláhì!" ni Àlàájà wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní ìbátan ọ̀bọ ni, òru ló ń jẹ̀, ọ̀sán ló ń sùn nínú ihò igi tàbí láàárín ewé dídì. Ó ní irú wọn pọ̀, wọ́n sì jọra débi pé ohùn wọn ni àwọn onímọ̀ fi máa ń dá òmíràn mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, àti pé àwọn tó tilẹ̀ ń wádìí nípa wọn kò tó nǹkan. Mo ní kí ló dé tó wá ń sunkún.

"Kì í sunkún, mà. Ó ń pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ó ń sọ fún wọn pé ibí lòun wà. Bí òmíràn bá wà nítòsí, á dá a lóhùn."

Àlàájà ní, "Ṣé òmíràn ti dá a lóhùn rí?"

"Mi ò tíì gbọ́, mà."

"Àwọn yòókù dà?"

"Inú igbó ẹ̀yìn yìí ni wọ́n ń gbé, mà. Wọ́n ti gé e."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Àlàájà. Ó gbé ọwọ́ lé ara igi náà, ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì bó ṣe máa ń kan pákó, ó sì wọlé lọ. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Èmi ní tèmi, inú mi dùn. Ní ọjọ́ kejì, mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá pé ọ̀bọ ni, pé ojú mi ló rí i. Ẹ wo ìmoore tí wọ́n fi san án fún mi: Àjíṣafẹ́ ní, "Ta ló sọ fún ọ pé egbére kò lè di ọ̀bọ? Èwo nínú ọ̀bọ ayé lo ti rí tó tóbi tó ìkúùkù?" Àwọn èèyàn sì mi orí. Mo wá mọ̀ pé ẹni tó bá ti gbádùn ìtàn kan, ẹ lè fi ẹranko náà lé e lọ́wọ́, kò ní gbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ránṣẹ́ sí Àlàájà pé kó wá sípàdé. Mo tẹ̀ lé e. Ilé Alága, Bàbá Ògúndèjì, la ti ń ṣèpàdé, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Pálọ̀ kún. Àjíṣafẹ́ jókòó síwájú gan-an bí ẹni pé ìyàwó ló fẹ́ gbà. Àlàájà wọlé pẹ̀lú ẹní ìkírun rẹ̀ lábẹ́ apá, nítorí àkókò Màgáríbì ti ń sún mọ́lé, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà sì fà sẹ́yìn fún un. Ó wo àjà. Lẹ́yìn náà ó kí ilé.

Alága ní, "Àlàájà, kò sẹ́ni tó bá yín jà. A mọ̀ yín sí ènìyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹkún yìí ń lé ayálégbé lọ, kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé igi yẹn, kí ọ̀rọ̀ ó parí."

Àlàájà dìde. "Ẹ ṣeun, Alága. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, nítorí náà mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni Àjíṣafẹ́ ń sọ kiri. Èmi ni mo gba ẹní rẹ̀."

Ilé dàrú. Àjíṣafẹ́ lu itan rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́!" Èmi fúnra mi fa Àlàájà láṣọ pé kó jókòó, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

Ó ní, "Alága, arère tó wà lókè orí yín yìí, inú igbó ẹ̀yìn ilé mi la ti gé e. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wó lulẹ̀. Àjíṣafẹ́, ayùnré ni mo tà fún ọ, o bẹ̀ mí pé kí n dín owó rẹ̀, mo sì dín in. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó yìí, kò sí èyí tí mi ò mọ igi tó bo ilé rẹ̀. Orí àwọn igi wọ̀nyẹn ni ẹranko tó ń ké yìí àti ẹbí rẹ̀ ń sùn. Ibùsùn wọn ni mo là sí pákó. Mo tà á, ẹ rà á. Orí mi yìí ni mo fi rù ú, òógùn mi ni mo fi kọ́lé, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé mo ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní mo gba ẹní, ẹ rántí pé abẹ́ ẹní náà ni gbogbo wa ń sùn."

Mo rí ojú Bàbá Ògúndèjì bó ṣe ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ní kí n gé èyí tó kù. Ó dáa. Ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣòwò, n kì í gé igi tí kò ní olówó. Igi ńlá ni, pákó rẹ̀ á tó òrùlé ilé kan gbáko. Mi ò ní gba owó. Ta ló fẹ́ ẹ? Kí ó nawọ́ sókè, ayùn á dé ibẹ̀ lọ́la."

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń kọ́lé lọ́wọ́, tó ti ń wá pákó láti ọjọ́ pípẹ́, ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ ìjókòó. Igi tí egbére ń gbé, ta ló fẹ́ gbé e lé orí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀?

"Àjíṣafẹ́?" ni Àlàájà wí. "Ọ̀fẹ́ ni o."

Àjíṣafẹ́ ní òun ò nílò pákó.

Alága mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kò sí oníbàárà, Àlàájà."

"Nígbà náà, igi dúró," ni Àlàájà wí, ó sì jókòó.

Ìpàdé tú. Bí a ti ń jáde, Àjíṣafẹ́ sún mọ́ wa, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ayùnré ni ti orí ilé mi lóòótọ́?"

Àlàájà ní, "Ayùnré ni. Igi gidi ni, kò ní jẹrà. Máa sùn."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó lójú ọ̀nà. Mo dúró de Àlàájà títí ó fi kírun tán, a jọ rìn padà, mo sì ń sọ gbogbo ìpàdé náà fún un bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó tún sọ pé Mùnírátù kò ṣiṣẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é kó wá wo àjà ilé wọn níwájú àlejò. Àwọn yàrá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, ẹranko náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ké, ó ga, ó dákẹ́. A dúró. Ohùn kankan kò ti ibì kankan wá.

Mo ní, "Ẹ ti borí wọn, Àlàájà. Ẹ ti gba orúkọ yín padà."

Mo rí i pé omijé ń dà lójú rẹ̀, obìnrin tí wọ́n ní ó gba ẹní egbére tí kò sì sunkún. Ó ní, "Mo gbà á. Mo lọ bá àwọn tó gbà á lọ́wọ́ mi, mo bá wọn nílé, mo gbà á. Eléyìí ń pe tirẹ̀, Yéwándé, kò sì sẹ́ni tó kù nílé."

Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ìdí igi, ó jókòó lé e, mo sì jókòó tì í.